TY mẹ́ta, prelim méjì: èwo ni kí n gbé síwájú? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùnní_Fọ́tò · 20 Oṣù Kọkànlá 2023

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún tó gbẹ̀yìn ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni mo wà, ní Texas níbí. Radiology, iṣẹ́ dókítà tó ń ka fọ́tò inú ara, ni mo fẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ ibi tí mo kọ̀wé sí fún residency (iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ dókítà tuntun ní ọsibítù), advanced ni wọ́n: ọdún kejì ni wọ́n ti máa ń gba èèyàn wọlé. Ọdún àkọ́kọ́, ìwọ ni wàá lọ wá ibi tí wàá ti ṣe é. Ibẹ̀ ni orí ti ń fọ́ mi.

Mo ní íńtáfíù 9 fún radiology. Fún ọdún àkọ́kọ́ ọ̀hún, mo ní transitional year (TY) 3 àti prelim medicine (ọdún kan ní medicine, ìtọ́jú àgbàlagbà láìsí iṣẹ́ abẹ) 2. Àwọn TY náà nìyí, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni:

A: ọsibítù yunifásítì ńlá, àárín ìgboro. Wọ́n lórúkọ. Oṣù méjì gbáko ni ICU (wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le jù), wọ́ọ̀dù kan náà sì ni àwọn TY pẹ̀lú àwọn medicine jọ ń ṣe.

B: ọsibítù ìlú kékeré kan ní Midwest, TY 8 péré lọ́dún. Elective (iṣẹ́ tí èèyàn fúnra rẹ̀ yàn) pọ̀ níbẹ̀. Yìnyín náà pọ̀.

C: Maryland. Kò jìnnà sílé àǹtí mi. Mi ò tíì mọ nǹkan púpọ̀ nípa rẹ̀ ju pé àǹtí mi ti lọ ra àga tuntun sí yàrá àlejò.

Kí ni kí n máa wò? Kí ni kí n bi wọ́n? Tí wọ́n bá sì bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn ni mo fẹ́ wá, kí ni mo fẹ́ sọ tí kò ní jọ irọ́? Gbogbo wa la mọ̀ pé ọdún kan ni, mo ti lọ.

Màmá mi ní, "Ọdún kan péré, o wá ń wádìí kiri bí ẹni tó ń wá ọkọ."

---

Ẹ̀gbọ́n_Baltimore · 20 Oṣù Kọkànlá 2023

Àdùnní, o kú iṣẹ́. Èmi ni mo ń fi oògùn kun àwọn èèyàn lóorun kí wọ́n tó la wọ́n níkùn, mo sì ṣe TY kí n tó débẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí yé mi dáadáa.

Fún àwọn tó ń kà á tí wọn kì í ṣe dókítà: àwọn tó ń lọ sí radiology, awọ ara, radiation oncology (fífi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ), PM&R (mímú ara padà bọ̀ sípò), àti àwa akunnilóorun kan, ló sábà máa ń ṣe TY. Prelim medicine, wọ́ọ̀dù medicine ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àdàlú ni TY ní tiẹ̀. ACGME, tó ń fọwọ́ sí gbogbo residency ní Amẹ́ríkà, ní ó kéré tán kí ọ̀sẹ̀ 24 jẹ́ iṣẹ́ ìpìlẹ̀, bíi medicine, iṣẹ́ abẹ tàbí ọmọ wẹ́wẹ́, kí ọ̀sẹ̀ 4 jẹ́ ẹ̀ka pàjáwìrì, kí ọ̀sẹ̀ 8 jẹ́ elective tí ìwọ fúnra rẹ yàn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, bó ṣe wu ọsibítù ni wọ́n ń ṣe é. Níbi àṣẹ́kù yẹn ni A àti B ti pínyà.

Ìbéèrè kan wà tó ju gbogbo ìbéèrè lọ. Bi àwọn intern (dókítà ọdún àkọ́kọ́) tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, má bi ọ̀gá: "Ní aago méjì òru, tí aláìsàn bá ń kú lọ, ta ló wà nínú ilé pẹ̀lú yín?"

Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Oṣù Keje, alẹ́ mi kẹta pérépéré. Nọ́ọ̀sì pè mí pé ìyá kan tó yẹ kó ti ṣe dialysis (fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀) lánàá kò ṣe é, potassium inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ga dé 6.8, tó léwu fún ọkàn. Mo dúró ti ẹ̀rọ ECG tó ń ya ìlù ọkàn, bébà ń jáde, ìgbì T ga ṣóńṣó lórí gbogbo ìlà. Mo mọ ohun tó jẹ́. Mo ti kà á, mo ti gba máàkì lórí rẹ̀ nínú ìdánwò. Ọwọ́ mi kàn kọ̀ láti ṣe nǹkan kan ni. Nọ́ọ̀sì àgbà náà wò mí, ó ní, "Dókítà, ṣé kí n mú calcium wá?" Ìbéèrè kọ́ nìyẹn o, àánú mi ló ṣe é. Mo ní kó mú un wá, mo pe senior mi (dókítà tó ṣáájú mi nínú residency), kò jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kẹta kó tó gbé e. Kí calcium tó wọlé tán, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́.

Ibi tí wọ́n bá ti ń fi intern sílẹ̀ lóun nìkan, tí senior wà nílé lórí fóònù, kódà kí elective ibẹ̀ tó oṣù mẹ́fà, gbé e sẹ́yìn.

Ní ti "kí ló dé tó jẹ́ ọ̀dọ̀ wa", fojú lánlọ́ọ̀dù wò ó. Ọ̀gá TY mọ̀ pé ayálégbé ọdún kan ni ẹ́, o ti sọ ọjọ́ tí o máa kó jáde kí o tó kó wọlé. Kò retí kí o fẹ́ràn ilé náà títí ayé. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé o ò ní ba ògiri jẹ́, o ò sì ní jà pẹ̀lú àwọn tó kù nínú ilé. Sọ ohun tí o fẹ́ kọ́ lọ́dún yẹn ní pàtó, sọ ohun kan tó jẹ́ tiwọn tí o rí, kí o dákẹ́.

---

Ọmọ_UCH · 21 Oṣù Kọkànlá 2023

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ìbàdàn ni mo wà. Mo parí housejob lọ́dún tó kọjá: oṣù 3 medicine, oṣù 3 iṣẹ́ abẹ, oṣù 3 ọmọ wẹ́wẹ́, oṣù 3 àwọn aláboyún. Bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ TY yìí, housejob ni mo ń kà, àfi ti owó oṣù nìkan.

Mo ti yege Step 1 àti Step 2, ìdánwò ìwé àṣẹ dókítà ti Amẹ́ríkà. Ṣé wọ́n máa ka housejob mi sí ọdún àkọ́kọ́? Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kí n kọ̀wé sí TY? Wọ́n ní ó rọ̀. Mo rò pé mo lè gba ibẹ̀ wọlé kí n wá máa wá ibòmíì láti inú.

---

Ìyá_Ìbejì_Bronx · 21 Oṣù Kọkànlá 2023

Ọmọ UCH, jókòó ná.

Wọn ò ní ka housejob. Ì báà ṣe ní UCH lo ti ṣe é, ì báà ṣe ní LUTH, láti ìbẹ̀rẹ̀ lo máa bẹ̀rẹ̀. Ohun tó máa ṣe fún ẹ ni pé ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n lóru Oṣù Keje bíi ti Ẹ̀gbọ́n Baltimore (ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o).

Ìkejì, iṣẹ́ TY lè rọ̀, wíwọlé rẹ̀ kò rọ̀. Àwọn tó ń du àyè yẹn ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà tó ń lọ sí awọ ara àti radiology, àwọn tí máàkì wọn kan òrùlé. Lọ́dún tèmi mo kọ̀wé sí TY 30. Kò sí ẹyọ kan tó fún mi ní íńtáfíù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó gbé mi dé. Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ Match (ètò tí ẹ̀rọ fi ń so dókítà mọ́ ibi residency), wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi pé mi ò rí ibì kankan. SOAP ló kàn: àyè tó ṣẹ́ kù, ìwé 45 péré lo lè fi ránṣẹ́, kí o wá jókòó ti fóònù. Ohun tó máa ń ṣẹ́ kù jù níbẹ̀ ni prelim iṣẹ́ abẹ. Mo gbà á. Inú mi dùn débi pé mo pe gbogbo ará ilé ní Ṣàgámù, wọ́n lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Aago mẹ́rin àárọ̀ ni mo máa ń wọ wọ́ọ̀dù. Mo máa tẹ orúkọ aláìsàn jáde sórí bébà kan, ojú méjèèjì, màá fi bíírò kékeré kọ iye ìtọ̀ àti iye omi tó jáde láti inú rọ́bà ìkùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oníkálukú. Mo mọ ìkùn gbogbo àwọn èèyàn yẹn ju bí mo ṣe mọ ti àwọn ọmọ mi lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní iṣẹ́ abẹ. Nígbà tó di Oṣù Kẹfà, àwọn categorical (àwọn tí wọ́n gbà fún gbogbo ọdún residency náà) bọ́ sí ọdún kejì, èmi palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Wọ́n ní mo ṣe dáadáa, pé kí n máa lọ láyọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ní family medicine.

Nítorí náà: ẹni tó bá ti ní ọdún kejì lọ́wọ́ bíi ti Àdùnní ló yẹ kó máa ronú nípa TY. Ìwọ tí o ò ní, categorical ni kí o máa wá, medicine, family medicine, ọmọ wẹ́wẹ́. Físà náà ń bẹ níbẹ̀. J-1 ni ọ̀pọ̀ ibi máa ń fúnni, o sì máa nílò lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ Federal Ministry of Health ní Àbújá. H-1B ò ṣeé fún ẹni tí kò tíì yege Step 3, ta ló sì fẹ́ ṣe gbogbo wàhálà yẹn fún àlejò ọdún kan?

---

Kò_Sí_Wàhálà · 22 Oṣù Kọkànlá 2023

Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ jàre. Àdùnní, B! Ọ̀rọ̀ tán.

Mo wà ní ọdún kẹta radiology báyìí, nínú yàrá òkùnkùn, pẹ̀lú kọfí mi. TY tó rọ̀ bí ẹ̀kọ ni mo ṣe. Mo ń sùn. Mo ń se ọbẹ̀ fúnra mi. Mo ka ìwé radiology nínú elective. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó lọ ṣe akíkanjú ní ICU, kí ni wọ́n fi jù mí lọ lónìí? Ta ló máa ní kí n wá tọ́jú heart failure nínú yàrá òkùnkùn?

Wọ́n ní òfin wákàtí wà. Bẹ́ẹ̀ ni: 80 lọ́sẹ̀ tí a bá pín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin dọ́gba, ọjọ́ ìsinmi 1 nínú 7, wákàtí 24 ní ìdúró kan àti 4 sí i láti fi iṣẹ́ lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ọmọbìnrin ọdún 18 kan, Libby Zion, kú ní ọsibítù ní New York lọ́dún 1984 kí ọ̀rọ̀ wákàtí yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọn lára, ọdún 2003 ni ACGME tó sọ 80 di òfin fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Lọ́dún 2011 wọ́n ní kí intern má kọjá 16 ní ìdúró kan. Lọ́dún 2017 wọ́n dá a padà sí 24. Ṣé ẹ rí i? 80 kì í ṣe ìsinmi. Ibi tó bá fún ẹ ní 50, dì í mú.

---

Ẹ̀gbọ́n_Baltimore · 22 Oṣù Kọkànlá 2023

Kò Sí Wàhálà, inú mi dùn sí kọfí rẹ. Jẹ́ kí n bi ẹ́ ní nǹkan kan. Tí wọ́n bá fún aláìsàn ní contrast (oògùn tó ń jẹ́ kí fọ́tò hàn kedere) lórí tábìlì CT, tí ètè rẹ̀ wú, tí ọ̀fun rẹ̀ ń há, ta ni wọ́n ń sáré pè?

---

Kò_Sí_Wàhálà · 22 Oṣù Kọkànlá 2023

Èmi ni 😒. Epinephrine 0.3 mg sínú iṣan itan. Mo mọ̀ ọ́n.

---

Ẹ̀gbọ́n_Baltimore · 22 Oṣù Kọkànlá 2023

O mọ̀ ọ́n. Ṣé o ti fún èèyàn rí kí ó tó di ọjọ́ yẹn? Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Mi ò ní kó lọ pa ara rẹ̀. Oṣù ICU kan tó ní olùkọ́ tó dáa máa wúlò fún un ní gbogbo ayé rẹ̀ lórí tábìlì CT. Oṣù méjì tí wọ́n kàn fi ń kọ note, kò ní í wúlò. Kó béèrè èyí tí A jẹ́.

---

Àdùnní_Fọ́tò · 13 Oṣù Kìn-ín-ní 2024

Ẹ kú ọdún tuntun o. Mo ti ṣe gbogbo wọn tán, lórí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀. Súùtù lókè, ìró àti sọ́ọ̀kì nísàlẹ̀.

A: wọ́n mọ nǹkan. Àmọ́ mo bi àwọn intern pé kí ni àwọn TY ń ṣe ní ICU. Ọ̀kan ní "a máa ń ran àwọn medicine lọ́wọ́." Ìkejì ní "note." Ẹ̀gbọ́n, mo rántí yín.

B: wọ́n fi àwa àti intern mẹ́rin sílẹ̀, ọ̀gá kankan ò sí níbẹ̀. Ọ̀kan wà ní yàrá call, ó ń jẹ cereal nínú ife bébà tí wọ́n fi ń mu kọfí, ó ń fi igi ìro kọfí jẹ ẹ́ nítorí kò rí ṣíbí. Pager dún. Gbogbo wọn wo ara wọn lójú kan náà, ọ̀kan ní "tèmi ni, jẹun," ó sì jáde kúrò nínú fídíò. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè aago méjì òru. Àwọn mẹ́ta tó kù jọ fèsì pa pọ̀. Senior wà nínú ilé, dókítà ICU wà nínú ilé, wọ́n sì sọ ẹni tí kì í bínú tí èèyàn bá jí i. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni ẹni tó jáde lọ yẹn.

Ọ̀gá wọn ò bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni, "Aláìsàn wo lo ti ṣàṣìṣe lórí rẹ̀?" Mo gbẹ́nu dákẹ́. Lẹ́yìn náà mo sọ ti bàbá kan tí mo ròyìn fún àwọn ọ̀gá mi pé kò lo oògùn kankan, torí ohun tó sọ fún mi nìyẹn. Ní ọ̀sán ọmọ rẹ̀ obìnrin dé, ó tú àpò ọ̀rá dà sórí bẹ́ẹ̀dì: ìgò mẹ́fà, warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà níbẹ̀, wọ́n sì ti ń múra láti gún un lẹ́yìn fún omi ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọ̀gá náà kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní, "Kí lo wá ń ṣe báyìí?" Mo ní mo máa ń pe ilé kí wọ́n gbé àpò oògùn wá, bàbá náà ì báà búra. Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó kù, yìnyín la sọ.

C: mo béèrè ọ̀rọ̀ aago méjì òru, gbogbo wọn wo chief, olórí wọn. Chief ní, "Èèyàn máa ń kọ́ ẹ̀kọ́ gan-an níbí." Kò sẹ́ni tó tún sọ nǹkan kan. Ẹni tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lẹ́yìn ìyẹn bi mí bóyá mo ti lọ́kọ, ó sì bi mí ipò kelòó ni mo máa fi wọ́n sí. Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn. Kí ló yẹ kí n sọ?

Nǹkan tí kò yé mi ni àtòkọ tí a fi ń to àwọn ibi tí a fẹ́ fún Match. Wọ́n ní supplemental list. Ṣé B ni màá fi sábẹ́ gbogbo radiology ni? Ẹnì kan nílé ẹ̀kọ́ wa sì ní kí n fi ibi tó dá mi lójú jù síwájú, kí n má bàa pàdánù.

---

Ìyá_Ìbejì_Bronx · 13 Oṣù Kìn-ín-ní 2024

Ọ̀rọ̀ ọkọ yẹn, kò láṣẹ láti béèrè. Ipò kelòó náà, òfin NRMP, àjọ tó ń ṣe Match, kò gbà á láyè kí wọ́n béèrè. Ẹ̀rín ẹ̀tàn yẹn tó. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, sọ pé "inú mi dùn sí ohun tí mo rí lónìí, mi ò tíì to àtòkọ mi," kí o bi í ní ìbéèrè tìrẹ. Lẹ́yìn náà sọ fún dean yín.

B dùn létí mi. Síbẹ̀ ọsibítù kékeré ni. Lọ sí ojú òpó ACGME, wo ipò ìfọwọ́sí wọn fúnra rẹ: "Continued Accreditation" dáa, tí o bá rí "Warning" tàbí "Probation", bi wọ́n léèrè. Kí o sì wò ó bóyá wọ́n ń ta ọsibítù náà. Lọ́dún 2019 Hahnemann ní Philadelphia kógbá wọlé, àwọn tó ń ṣe residency níbẹ̀, tó ju 500 lọ, ń wá ibòmíì kiri láàárín oṣù díẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn kékeré nìkan ló ń kú.

---

Ẹ̀gbọ́n_Baltimore · 14 Oṣù Kìn-ín-ní 2024

Ẹni tó ní kí o gbé ibi tó dá ẹ lójú síwájú fẹ́ fi ọgbọ́n orí ṣe ẹ́ léṣe. Láti ọdún 1998, ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ̀wé ni ẹ̀rọ Match ti ń bẹ̀rẹ̀: ó máa gbìyànjú ẹni àkọ́kọ́ rẹ, tí wọn ò bá ní àyè fún ẹ, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìkejì. Gbígbé ibi tó ga síwájú kò dín àǹfààní rẹ kù ní ìsàlẹ̀ rárá. Alvin Roth, ọ̀kan nínú àwọn tó tún ẹ̀rọ yẹn ṣe, gba Nobel ọrọ̀ ajé pẹ̀lú Lloyd Shapley lọ́dún 2012. To ó bó ṣe wà lọ́kàn rẹ.

Supplemental: radiology kọ̀ọ̀kan ló ní àtòkọ tirẹ̀ lábẹ́. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ wá radiology fún ẹ. Tó bá rí i, á wá wo àtòkọ tí o so mọ́ radiology yẹn gan-an. O lè fi ìtò kan náà sábẹ́ gbogbo wọn, o sì lè yí i padà: tí radiology bá wà ní Maryland, bóyá C lè gòkè torí àga àǹtí rẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo márààrún ni kí o kọ sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, prelim medicine pẹ̀lú. Mo mọ ẹni tó kọ méjì péré torí ó ní òun ò fẹ́ jìyà. Ó rí ọdún kejì, kò rí ọdún àkọ́kọ́. Inú SOAP ló ti wá a.

Ọjọ́ 28 Oṣù Kejì, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti New York, ni ilẹ̀kùn máa tì. Tẹ "certify". Àtòkọ tí wọn ò certify, bébà lásán ni.

---

Kò_Sí_Wàhálà · 14 Oṣù Kìn-ín-ní 2024

B. Mo ti sọ ọ́ láti Oṣù Kọkànlá.

---

Àdùnní_Fọ́tò · 15 Oṣù Kẹta 2024

Aago méjìlá ọ̀sán ti New York, ìméèlì wọlé. Radiology tí mo fi sípò kẹta, ní Ohio! Ọdún àkọ́kọ́: B!!!

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Màmá mi ti jó títí dé ilé onílé. Àǹtí mi ní Maryland ò tíì gbé fóònù mi. Ó ti tún ra bẹ́ẹ̀dì.

---

Ìyá_Ìbejì_Bronx · 15 Oṣù Kẹta 2024

Olúwa ṣeun! Kú oríire, ọmọ mi. Bàtà yìnyín ni kí o kọ́kọ́ rà, kó ga dé orúnkún, kí o rà á báyìí tí ọ̀tútù ń lọ, torí owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀. Nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ ń kọ́? Mo ní ọ̀kan tí àwọn ìbejì ò wọ̀ mọ́.

---

Ọmọ_UCH · 15 Oṣù Kẹta 2024

Ẹ kú oríire o, àǹtí Àdùnní. Oṣù Kẹsàn-án ni tèmi, family medicine àti ọmọ wẹ́wẹ́. Mi ò kọ TY kankan. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, lẹ́tà Àbújá yẹn, ṣé kí n ti máa lọ béèrè rẹ̀ ni àbí kí n dúró kí Match kọ́kọ́ jáde?

---

Ìyá_Ìbejì_Bronx · 15 Oṣù Kẹta 2024

Lẹ́yìn Match ni, tí o bá ti mọ ibi tí ò ń lọ. Ohun tí o máa ṣe báyìí ni kí o wo orúkọ rẹ lórí páásípọ́ọ̀tù, lórí ìwé MBBS àti lórí ìwé ECFMG (àjọ tó ń yẹ ìwé àwọn dókítà tó kẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ òkèèrè wò). Kí lẹ́tà kan má yàtọ̀. Tèmi, "h" kan ló fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta há mi mọ́lẹ̀.